Ìwé Tí Mo Fọwọ́ Ara Mi Kọ, Tí N Kò Rí Kà

Ẹ má fi mí ṣe ẹlẹ́yà. Ẹjọ́ ara mi ni mo fẹ́ rò lónìí.

Ní àárọ̀ Sátidé kan nínú oṣù kẹwàá ọdún 2022, obìnrin kan kan ilẹ̀kùn ilé tí mo ń gbé ní Muṣin. N kò mọ̀ ọ́n rí. Ó kúnlẹ̀ kí mi, bẹ́ẹ̀ bí kò bá jù mí lọ, ẹgbẹ́ ni a jọ máa jẹ́. Ó ní Abẹ́òkúta ni òun ti wá, pé òun ni àbíkẹ́yìn ìyá aláró kan ní Ìtòkú tí mo wá fi ọ̀rọ̀ wá lẹ́nu wò nígbà kan.

Mo ní, "Ha! Ìyá tó fún mi ní ẹ̀kọ àti ọ̀lẹ̀lẹ̀ jẹ, tó tún bú mi pé ọmọ Yorùbá wo ni kò mọ ewé èlú?"

Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Àwọn náà ni, sà. Wọ́n ti lọ. Ó ti di ọdún mẹ́ta."

Mo bá a kẹ́dùn, mo ní kí Ọlọ́run tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere. Ìgbà náà ni ó wá sọ ohun tó gbé e wá. Ìyá wọn mọ orúkọ bátànì adìrẹ ẹlẹ́kọ tí ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń ta adìrẹ lónìí kò gbọ́ rí, wọ́n sì mọ ìtàn tó wà nídìí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ojoojúmọ́ ni àwọn ọmọ ń gbọ́ ọ, kò sì sí ẹni tó kọ ọ́ sílẹ̀ nínú wọn. Ta ló ń kọ ọ̀rọ̀ ìyá rẹ̀ sílẹ̀? Ìgbà tí ọmọ-ọmọ ìyá kan tó ń kọ́ iṣẹ́ ọnà ní ilé-ìwé gíga bẹ̀rẹ̀ sí í bèèrè, tí kò sí ẹni tó lè ka orúkọ bátànì wọ̀nyí já, ni wọ́n rántí pé akọ̀ròyìn kan ti wá láti Èkó, pé ó kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé, ó sì mú ìwé náà wá fún ìyá. Wọ́n wá ẹ̀dà ti ìyá títí, wọn kò rí i. Ó jọ pé wọ́n ti fi dáná.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà," ni ó wí, "iye yòówù tí ẹ bá ń tà á, a ó rà á."

Mo ní kí ó jókòó, mo wọ yàrá lọ. Mo dúró síbẹ̀ bí ẹni tó ń wá nǹkan. Irọ́ ni o. Mo mọ̀ pé kò sí níbẹ̀.

Ọdún 2004 ni mo tẹ ìwé náà, olójú ewé mẹ́rìnlélọ́gọ́ta (64). Àwọn àròkọ tí mo ti kọ sínú ìwé ìròyìn tí mo ń bá ṣiṣẹ́ nígbà náà ni mo kó jọ: ọ̀rọ̀ aláró, ọ̀rọ̀ onídìrí, ọ̀rọ̀ alágbẹ̀dẹ, ọ̀rọ̀ bàbá kan tó ń tún asọ̀rọ̀mágbèsì ṣe, àti àwọn mìíràn. Ní Ṣómólú ni a ti tẹ̀ ẹ́, ẹ̀dà ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta (500), owó àjọ mi ni mo sì fi tẹ̀ ẹ́. Ìyàwó mi kò tíì gbàgbé owó náà di òní. Mo tà díẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì, mo tà díẹ̀ ní ọ́fíìsì, èyí tó pọ̀ jù ni mo fi tọrẹ. Ìyókù wà nínú páálí lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Òjò ńlá tó rọ̀ ní Èkó ní oṣù keje ọdún 2011, tí omi gba ilé lọ́wọ́ onílé, òun ló bá páálí náà níbẹ̀. Kí n tó fà á jáde, ìwé ti di ẹ̀bà. Mo dà á sórí ààtàn. Kí n má purọ́, ọ̀rọ̀ fíríìjì ló ń dùn mí jù lọ́jọ́ náà.

Mo ní kí obìnrin náà fún mi ní oṣù kan. Ó ní kò burú. Nígbà tí ó ń lọ, ó yọ adìrẹ ọ̀pá méjì kan nínú báàgì, ó ní kí n fún ìyàwó mi. Ìyẹn ló wá dá kún ẹ̀rù mi.

Mo lọ sí Ṣómólú. Ẹni tó tẹ ìwé náà ti fi iṣẹ́ sílẹ̀, ọmọ rẹ̀ ló wà níbẹ̀ tó ń tẹ ìwé ìpè ìgbéyàwó. Ó ní gbogbo páànù ìtẹ̀wé àtijọ́ ni àwọn ti tà fún àwọn tó ń ra irin. Mo lọ bá àwọn ọ̀rẹ́ tí mo fún ní ìwé. Gbogbo wọn ló rántí rẹ̀, wọ́n tilẹ̀ rántí pé ẹ̀yìn rẹ̀ jẹ́ àwọ̀ ewé, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó rí tirẹ̀. Ìwé ìròyìn tí mo bá ṣiṣẹ́ ti kógbá sílé. Àwọn fáìlì rẹ̀ àtijọ́ ńkọ́? Kò sẹ́ni tó lè sọ ibi tí wọ́n wọlé sí. Ó ṣeé ṣe kí obìnrin alákàrà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ́fíìsì wa nígbà náà mọ̀.

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe gba ọ̀dọ̀ Bàbá Láíbìrì lọ. Orúkọ tí àdúgbò ń pè wọ́n nìyẹn. Wọ́n ti lé ní ọgbọ̀n ọdún lẹ́nu iṣẹ́ ilé ìkàwé yunifásítì kan kí wọ́n tó fẹ̀yìntì, ẹ̀ka tó ń wá ìwé wọlé ni wọ́n sì ti lo èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀. Adìẹ ni wọ́n ń sìn báyìí. Wọ́n ń fún adìẹ lóúnjẹ ni mo fi ro ẹjọ́ mi. Wọ́n gbọ́ ọ tán, wọn kò tilẹ̀ káàánú mi. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni wọ́n bi mí.

"Nígbà tí o tẹ ìwé yìí tán, mélòó lo kó fún ìjọba?"

Mo ní, "Fún ìjọba kẹ̀? Kí ni ìjọba fẹ́ fi ìwé mi ṣe, Bàbá?"

Wọ́n ní, "O ò rí i? Ìwọ gan-an lo fi ìwé ara rẹ pamọ́."

Wọ́n wá ṣàlàyé. Òfin kan wà, òfin Ilé Ìkàwé Àpapọ̀ ti ọdún 1970, tó sọ pé ẹni tó bá tẹ ìwé jáde ní Nàìjíríà gbọ́dọ̀ kó ẹ̀dà mẹ́ta fún ilé ìkàwé náà láàárín oṣù kan, lórí owó ara rẹ̀. Wọ́n á tọ́jú méjì síbẹ̀ títí ayé. Ẹ̀kẹta, ilé ìkàwé Yunifásítì Ìbàdàn ló ń lọ. Bó bá jẹ́ iléeṣẹ́ ìjọba ìpínlẹ̀ ló tẹ̀wé, mẹ́wàá ni yóò kó wá. Bó bá jẹ́ ti ìjọba àpapọ̀, mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Kí èyí tó dé ni òfin 1950 ti wà, tó ní kí wọ́n máa kó ìwé fún Ìbàdàn, nígbà tí Ìbàdàn ṣì jẹ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì ọlọ́dún méjì. Ilé Ìkàwé Àpapọ̀ fúnra rẹ̀, ọdún 1964 ni wọ́n ṣí i ní Èkó, kí olú ilé iṣẹ́ rẹ̀ tó kó lọ sí Àbújá ní 1995.

Haba! Akọ̀ròyìn ni mí. Ojoojúmọ́ ni mo ń kọ ọ̀rọ̀ òfin fún ẹlòmíràn kà, mi ò gbọ́ ti èyí rí.

Bàbá ní èmi nìkan kọ́. Wọ́n ní òfin náà kò lẹ́sẹ̀ tó lè fi rìn dé Ṣómólú. Iléeṣẹ́ ńlá tó ń tẹ ìwé fún ọmọ ilé-ìwé mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n àwa tí a ń tẹ igba, ọ̀ọ́dúnrún fúnra wa, ẹgbẹ́ ọmọ ìlú tó tẹ ìtàn ìlú rẹ̀, ìjọ tó tẹ ìwé ọgọ́rùn-ún ọdún rẹ̀, ta ló mọ̀ pé a tẹ nǹkan kan? Bẹ́ẹ̀, ìwé tiwa yìí gan-an ni ilé ìkàwé kò ní rí rà bí ó bá pẹ́ díẹ̀.

Èmi ti rò tẹ́lẹ̀ pé owó lásán ni ilé ìkàwé ńlá. Ìjọba á fún wọn lówó, wọ́n á kọ lẹ́tà sí ìlú òyìnbó, ọkọ̀ ojú omi á kó ìwé dé. Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún Bàbá, wọ́n rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́. Wọ́n ní, "Ṣé o mọ Henry Carr?"

Mo ní mo mọ orúkọ náà.

Ọmọ Èkó ni Carr, ọdún 1863 ni wọ́n bí i. Iṣẹ́ ètò ẹ̀kọ́ ni ó fi pọ̀ jù nínú ayé rẹ̀, ìjọba òyìnbó sì fi ṣe ọ̀gá àgbà ìlú Èkó láti 1918 títí di 1924, ipò tí aláwọ̀ dúdú kì í dé lásìkò náà. Ẹlòmíràn á fi owó irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kọ́lé sí i. Ìwé ni Carr ń rà. Nígbà tí ó kú ní 1945, ìwé tó fi sílẹ̀ tó nǹkan bí ẹgbàá mẹ́sàn-án (18,000). Ẹ dákun, ẹ tún iye yẹn kà. Nínú ilé ẹnì kan ṣoṣo! Ìjọba ra gbogbo rẹ̀, nígbà tí wọ́n sì dá Yunifásítì Kọ́lẹ́ẹ̀jì sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1948, ìwé Carr wà lára ohun tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ ilé ìkàwé ibẹ̀, pẹ̀lú èyí tó wá láti Yaba Higher College. John Harris, ọmọ ilẹ̀ New Zealand, ni ọ̀gá ilé ìkàwé náà àkọ́kọ́.

Ṣé ẹ rí ohun tí Bàbá ń fà yọ? Ọkùnrin kan jókòó sílé rẹ̀ l'Ékòó, ó ń yan ìwé tó wù ú fún ọ̀pọ̀ ọdún. Kò bi ọmọ yunifásítì kankan léèrè, torí kò sí yunifásítì. Ohun tó wù ú nìyẹn ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Ìbàdàn àkọ́kọ́ bá lórí pẹpẹ.

Wọ́n ní bẹ́ẹ̀ náà ló rí níbòmíràn. Ohun tí dókítà kan ní London, Hans Sloane, kó jọ nígbà ayé rẹ̀ ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi £20,000 rà nígbà tó kú ní 1753, òun ni wọ́n fi dá British Museum sílẹ̀, ibẹ̀ sì ni British Library ti òde òní ti ṣẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, àwọn sójà Gẹ̀ẹ́sì sun ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ní Washington ní 1814, ìwé inú rẹ̀ sì jóná. Ní 1815 ni Thomas Jefferson ta ìwé tirẹ̀ fún wọn, 6,487 ìwé, ní $23,950. Àwọn aṣòfin kan tilẹ̀ ṣàròyé pé ìwé elédè àjèjì pọ̀ jù nínú rẹ̀.

Ṣùgbọ́n èyí tó dùn mọ́ mi jù nìyí. Carr àti Herbert Macaulay, kèéta wọn nínú òṣèlú Èkó kì í ṣe kékeré. Ní 1924 Macaulay tẹ ìwé pẹlẹbẹ kan jáde tó pè ní Henry Carr Must Go, ẹ̀yin náà mọ ìtumọ̀ rẹ̀: kí Carr máa lọ! Macaulay kú ní 1946, ọdún kan péré lẹ́yìn Carr. Níbo ni lẹ́tà àti àwọn ìwé tí Macaulay fi sílẹ̀ wà lónìí? Ní ilé ìkàwé Ìbàdàn kan náà, èyí tí a ń pè ní Kenneth Dike Library. Àwọn tí kò lè jọ jókòó l'Ékòó, wọ́n jọ ń gbé abẹ́ òrùlé kan ní Ìbàdàn. Bàbá ní ilé ìkàwé tó bá ti ń gbè sẹ́yìn ẹnì kan ti di ọ́fíìsì ẹgbẹ́ òṣèlú.

Nínú ilé yẹn náà ni ìwé ojoojúmọ́ tí Akinpẹlu Ọbisẹsan kọ wà. Àgbà Ìbàdàn ni, ọ̀kan nínú àwọn aṣáájú ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ àwọn olóko kòkó. Ó kọ ọ́ fún nǹkan bí ogójì ọdún: gbèsè tó wà lọ́rùn rẹ̀, aáwọ̀ ẹbí, ọ̀rọ̀ ìlú, ohun tó bà á lọ́kàn jẹ́. Àwọn ọ̀mọ̀wé ti fi kọ ìwé ìtàn rẹpẹtẹ. N kò rò pé ó ní wọn lọ́kàn nígbà tó ń ṣírò gbèsè lálẹ́.

Ìwé rírà pàápàá ní wàhálà tirẹ̀. Olùkọ́ á kọ orúkọ ìwé tó fẹ́ ránṣẹ́. Ẹnì kan á kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ilé ìkàwé ti ní in, torí olùkọ́ mìíràn wà tí kì í wọ ilé ìkàwé débi tí yóò fi mọ̀. Wọ́n á wá béèrè iye rẹ̀, wọ́n á kọ̀wé sí oníwèé, wọ́n á dúró. Bí ó bá dé, wọ́n á fi wé rísíìtì, wọ́n á kọ ọ́ sínú ìwé ńlá tí wọ́n ń kọ gbogbo ohun tó bá wọlé sí, wọ́n á sì lu òǹtẹ̀ mọ́ ọn. Òǹtẹ̀ kan wà níwájú, òmíràn wà ní ojú ewé ìkọ̀kọ̀ kan tí òṣìṣẹ́ nìkan mọ̀, kí olè tó bá ya iwájú dànù má baà lè sẹ́. Mo bi Bàbá pé ojú ewé wo ni tiwọn. Wọ́n ní ìyẹn kò kàn mí. Bẹ́ẹ̀ wọ́n ti fẹ̀yìntì o!

Nígbà tí náírà ṣì lágbára, wọ́n ní ìwé ń wọlé bí omi. Lẹ́yìn tí ìjọba gbé ètò SAP dé ní 1986, tí náírà já wálẹ̀, owó tó ń ra páálí ìwé kan kò ra ẹyọ mẹ́ta mọ́. Èyí tó kọ́kọ́ kú ni àwọn ìwé ìwádìí tó ń jáde lóṣù mẹ́ta mẹ́ta láti òkè òkun. Bàbá ní, "Ìwé lásán tí o kò rà lọ́dún yìí, o lè rà á lọ́dún tó ń bọ̀. Ṣùgbọ́n ìwé ìwádìí tí o dáwọ́ rẹ̀ dúró ní 1987, tí o tún bẹ̀rẹ̀ ní 1992, wá wo pẹpẹ rẹ̀: ó rí bí ẹnu arúgbó." Owó tí ìjọba yá lọ́wọ́ Báńkì Àgbáyé ní 1990 fún àwọn yunifásítì di ihò díẹ̀. Láìpẹ́ yìí, owó TETFund ló ń gbé púpọ̀ nínú wọn dúró.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀bùn ni Bàbá sọ jù, torí ibẹ̀ ni ó ti dùn wọ́n jù. Bí lọ́yà tàbí dókítà kan bá kú, àwọn ọmọ rẹ̀ á kó ìwé sínú ọkọ̀, wọ́n á mú ayàwòrán dání, wọ́n á fẹ́ kí a fi orúkọ bàbá wọn pe yàrá kan. Wọ́n á ṣí páálí: ìwé ìṣirò owó ayé àtijọ́ tí òfin rẹ̀ ti yí padà, ìwé kan náà lọ́nà mẹ́fà, èyí tí ikán ti jẹ dé àárín. Ikán inú páálí kan lè jẹ odindi pẹpẹ tán. Ìwé ọ̀fẹ́ pàápàá ń jẹ owó: àyè tí yóò jókòó sí, òṣìṣẹ́ tí yóò to orúkọ rẹ̀, oògùn kòkòrò. Nítorí náà wọ́n á rọra yan mẹ́wàá nínú igba, ẹbí á sì bínú lọ.

"Ohun tí à bá sì dọ̀bálẹ̀ tọrọ," ni Bàbá wí, "wọ́n ti fi sílé." Lẹ́tà tí bàbá náà gbà. Ìwé àkọsílẹ̀ ìpàdé ẹgbẹ́ ọmọ ìlú. Kàléńdà tó ní àwòrán àwọn baálẹ̀. Ìwé ìpolongo ìbò. Ètò ìsìnkú tí a kọ ìtàn ìgbésí ayé òkú sí. Òwò àti pàǹtí ni àwọn ọmọ ń pe ìwọ̀nyí, àwọn ni wọ́n sì ń kọ́kọ́ sun. Ìdí nìyẹn tí Bàbá fi ń lọ sí òkú kiri àdúgbò títí di òní. Bí wọ́n bá ti gba ètò ìsìnkú méjì, ọ̀kan tí wọ́n á kà, ọ̀kan tí wọ́n á tọ́jú, wọ́n lè má dúró jẹ ìrẹsì. Ìyàwó wọn ní òun kò mọ ẹni tí wọ́n rò pé yóò wá ka òkú ará Muṣin. Bàbá ní òun náà kò mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n òun mọ̀ pé yóò wá.

Wọ́n dákẹ́ díẹ̀. Wọ́n wá jẹ́wọ́ ohun kan fún mi. Ní ọdún kan, wọ́n ní ọkùnrin kan kó páálí Atọ́ka kún ọkọ̀ wá, ìwé tó ń fi fọ́tò sọ eré àwọn òṣèré Yorùbá, èyí tí àwọn tó dàgbà nínú yín máa rántí. Bàbá ló gba àlejò lọ́jọ́ náà. Wọ́n wò ó, wọ́n ní ìwé àwòrán eré kì í ṣe ohun yunifásítì. Ọkùnrin náà kó o padà. Ní nǹkan bí ogún ọdún lẹ́yìn náà, akẹ́kọ̀ọ́ kan wá, ó ń wá Atọ́ka kiri, ó fẹ́ẹ̀ lè sunkún. "Èmi ni mo dá a padà," ni Bàbá wí. "N kò sọ fún un."

Mo ti rò ó dáadáa láti ìgbà náà. Ìtàn Sẹ̀gilọlá ẹlẹ́yinjú ẹgẹ́, tí I. B. Thomas ń gbé jáde lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ nínú Akéde Èkó ní 1929 sí 1930, lẹ́tà inú ìwé ìròyìn ni, ọ̀rọ̀ aṣẹ́wó ni, ta ni ì bá pè é ní ohun ilé ìkàwé nígbà náà? Thomas ló gbọ́n tó sọ ọ́ di ìwé ní 1930. Lónìí, àwọn ọ̀mọ̀wé kà á mọ́ ìwé ìtàn àròsọ Yorùbá àkọ́kọ́.

Nígbà tí mo fẹ́ dìde, Bàbá ní, "O ti wò ó ní Amẹ́ríkà?"

Mo rò pé wọ́n ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni.

Wọ́n ní ó ju ogójì ọdún lọ tí àwọn ilé ìkàwé òkè òkun kan ti ń ran ènìyàn sí ọjà wa. Ilé Ìkàwé Congress ní ọ́fíìsì kan ní Nairobi láti 1966, iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ó máa wá ìwé ilẹ̀ Áfíríkà rà. Àwọn yunifásítì mìíràn ní oníwèé tó ń bá wọn rà á níhìn-ín. Àwọn oníwèé yìí kì í dúró sí ṣọ́ọ̀bù ńlá. Wọ́n ń lọ sí gáréèjì, ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, ìdí mọ́sálásí, abẹ́ bíríìjì, wọ́n á ra ohun tí àwa ń fi nu ọwọ́.

Bàbá mú fóònù wọn, wọ́n ṣí kátálọ́ọ̀gù kan tó kó ti ẹgbẹẹgbẹ̀rún ilé ìkàwé pọ̀, wọ́n ní kí n tẹ orúkọ mi. Mo tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀yin ènìyàn mi, orúkọ mi jáde! Wọn kò fi àmì sí i, ṣùgbọ́n orúkọ mi ni. Èkó, 2004. Ojú ewé 64. Ẹ̀dà kan ṣoṣo, ní yunifásítì kan ní Amẹ́ríkà.

Inú mi dùn, ojú sì tì mí, n kò mọ èyí tí ǹ bá kọ́kọ́ ṣe. Ẹnì kan ti fi ọgọ́rùn-ún náírà ra ìwé mi lọ́wọ́ mi, bóyá nínú bọ́ọ̀sì Ọ̀ṣòdì, kò ná owó, ó sì ti wà lórí pẹpẹ nínú yàrá tó tutù láti ìgbà náà, nígbà tí èmi tí mo kọ ọ́ ń fi àwọn yòókù bọ́ àgbàrá. Ká ní ó wu àwọn ará ibẹ̀ láti pa ilẹ̀kùn wọn dé, ta ni mo fẹ́ bá jà? Bàbá kò bá mi yọ̀ púpọ̀. Wọ́n ní ó yẹ kí ó wà ní Ìbàdàn, tí ọmọ Ìtòkú lè fi owó ọkọ̀ lọ kà á.

A kọ lẹ́tà sí ilé ìkàwé náà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ọjọ́ kẹta ni ẹnì kan dá wa lóhùn, ó bá wa ya fọ́tò ojú ewé mẹ́fà tí ọ̀rọ̀ ìyá aláró wà, ó fi ránṣẹ́. Mo tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé, mo wọ ọkọ̀ Abẹ́òkúta.

Mẹ́jọ ni àwọn tó jókòó dè mí, ọmọ àti ọmọ-ọmọ. Wọ́n ní kí n kà á. Mo ka bí ìyá ṣe ń gún èlú, bí wọ́n ṣe ń sẹ́ omi eérú, bí wọ́n ṣe ń mọ̀ pé aró ti gbó. Mo ka orúkọ bátànì lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí mo dé ibi tí ìyá ti bú mi, gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín, ẹnì kan ní, "Ohùn wọn nìyẹn!" Ọmọ tó ń kọ́ iṣẹ́ ọnà ń kọ sílẹ̀ bí ẹni tí wọ́n ń lé.

Mo kà á tán. Obìnrin tó wá bá mi ní Muṣin gba ìwé náà lọ́wọ́ mi, ó ń yí i síwá, ó ń yí i sẹ́yìn. Ó ní, "Orúkọ wọn dà, sà?"

Mo gbà á padà. Mo wò ó láti òkè dé ilẹ̀. "Ìyá arúgbó kan ní Ìtòkú." Bí mo ṣe kọ ọ́ nìyẹn. "Ìyá náà." "Ìyá wa àgbà." Bí a ṣe ń kọ̀ròyìn nígbà náà ni, a gbà pé ọ̀rọ̀ ẹnu àgbà la ń fẹ́, orúkọ rẹ̀ ò ṣe pàtàkì. Orúkọ tèmi wà lẹ́yìn ìwé, lẹ́tà gàdàgbà-gàdàgbà.

Kò sẹ́ni tó bá mi wí. Àgbà nínú wọn ní kò burú, wọ́n ti gbọ́ ohùn ìyá wọn. Àbíkẹ́yìn ló wá fà mí lọ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó ka orúkọ ìyá fún mi, orúkọ àmútọ̀runwá, orúkọ àbísọ, oríkì, orúkọ bàbá tó bí wọn, mo sì kọ ọ́. Ó tún ní bátànì kan wà tí mo kọ orúkọ rẹ̀ lódì. N kò kọ orúkọ náà síhìn-ín, torí ó ní kí n fi í sílẹ̀ de ìwé tuntun.

Ìwé tuntun náà jáde ní 2023, ọ̀ọ́dúnrún ẹ̀dà. Orúkọ ìyá wà lójú ewé kìíní. Ìwé wà tán, mo kó mẹ́ta sínú àpò, mo gba ẹ̀ka Ilé Ìkàwé Àpapọ̀ tó wà ní Èkó lọ, kí oṣù kan má tíì pé. Ọ̀dọ́mọbìnrin kan ló gbà á lọ́wọ́ mi. Ó yẹ nọ́ńbà ẹ̀yìn rẹ̀ wò, ó kọ ọ́ sínú ìwé ńlá, ó fún mi ní ìwé pé òun ti gbà á. Ó tún wo ojú ewé kejì, ó gbójú sókè.

"Ẹ̀yin kọ ọ́ síbí pé ìtẹ̀jáde kejì ni, sà. Èyí àkọ́kọ́ dà?"

Mo ní ó wà ní Amẹ́ríkà.